Independence Day: Ogun òfuurufú tó wọ pálọ̀ ìdílé

Òjìji ló kọ́kọ́ dé. Ó rọra ń wọ́ bọ̀ lórí ilẹ̀ òṣùpá, ó bo ipa ẹsẹ̀ tí àwọn ará Amẹ́ríkà fi síbẹ̀ lọ́dún 1969, ilẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ẹnì kankan kò tíì sọ̀rọ̀, ìbọn kankan kò tíì dún, ṣùgbọ́n ọmọ tó jókòó sórí kápẹ́ẹ̀tì níwájú tẹlifíṣọ̀n ti ń sún mọ́ ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀. Bí fíìmù Independence Day ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó ti lé ní 20 ọdún tó ti jáde, síbẹ̀ bí ìsinmi bá ti dé, tí àwọn ọmọ wà nílé, tí iná sì wà, ọ̀pọ̀ ìdílé ló ṣì máa ń gbé e sínú ẹ̀rọ. Bàbá tó ti wò ó nígbà tó wà ní sẹ́kọ́ńdìrì á tún jókòó tì í bí ẹni tí kò mọ bí yóò ṣe parí.

Ọjọ́ kẹta oṣù Keje, ọdún 1996, ni fíìmù náà wọ àwọn ilé sinimá káàkiri Amẹ́ríkà. Ọmọ ilẹ̀ Jámánì ni Roland Emmerich tó darí rẹ̀. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀, Dean Devlin, ni wọ́n jọ kọ ìtàn náà. Owó tí wọ́n ná lé e lórí tó mílíọ̀nù 75 dọ́là. Owó tó pa wọlé kárí ayé lé ní mílíọ̀nù 800 dọ́là, kò sì sí fíìmù mìíràn tó pa tó o lọ́dún náà. Ó gba àmì ẹ̀yẹ Oscar fún iṣẹ́ àrà tí wọ́n fi ojú rí nínú rẹ̀, ìyẹn bí wọ́n ṣe mú kí ohun tí kò ṣẹlẹ̀ dà bí ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ìbéèrè akọ̀ròyìn kan ni wọ́n sọ pé ó bí i. Emmerich ń polówó fíìmù rẹ̀ kan, Stargate, tó jáde lọ́dún 1994, ni ẹnì kan bi í bóyá ó gbà pé àwọn ẹ̀dá kan ń gbé nínú òfuurufú. Ó ní òun kò gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n èrò kan wọ inú rẹ̀: báwo ni yóò ṣe rí bí gbogbo ayé bá jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, tí wọ́n gbójú sókè, tí wọ́n sì rí ọkọ̀ ràgàjì tó dúró sójú ọ̀run lórí gbogbo ìlú ńlá? Òun àti Devlin gba Mẹ́síkò lọ, nǹkan bí oṣù kan ni wọ́n sì fi kọ ìtàn náà.

Ohun tí wọ́n kọ náà kò lọ́jú pọ̀. Ní ọjọ́ kejì oṣù Keje, àwọn ẹ̀dá àjèjì dé. Ìyá ọkọ̀ wọn fẹ̀ ju kìlómítà 550 lọ, ìyẹn ju ìrìn Èkó sí Àbújá lọ bí ẹyẹ bá fò ó tààrà. Àwọn ọkọ̀ tó jáde láti inú rẹ̀ fẹ̀ tó kìlómítà 24 ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì lọ dúró sórí New York, Washington, Los Angeles àti àwọn ìlú ńlá mìíràn lágbàáyé. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ náà yóò fi ṣú, àwọn ìlú wọ̀nyẹn ti di eérú. Ní ọjọ́ kẹta, àwọn ológun gbìyànjú láti gbẹ̀san, wọ́n sì pàdánù. Ọjọ́ kẹrin ni ìdáhùn dé, ọjọ́ tí Amẹ́ríkà máa ń ṣe àjọ̀dún òmìnira rẹ̀ bí Nàìjíríà ṣe ń ṣe tirẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá.

Ohun tó jẹ́ kí fíìmù yìí bá pálọ̀ mu ju ọ̀pọ̀ fíìmù ogun lọ ni pé ọ̀rọ̀ ìdílé ló kún inú rẹ̀. David Levinson, tí Jeff Goldblum ṣe, jẹ́ ọ̀mọ̀wé tó fi ọgbọ́n rẹ̀ pamọ́ sí iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan ní New York. Ìyàwó rẹ̀ ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀ torí iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́dọ̀ Ààrẹ, bàbá rẹ̀ àgbàlagbà kò sì jẹ́ kó sinmi. Òun ló kọ́kọ́ rí i nínú ìró sátẹ́láìtì pé àwọn àjèjì náà ń ka àkókò sẹ́yìn. Bàbá yìí náà ló wa mọ́tò gbé e lọ sí Washington, ó ń ráhùn, ó ń wakọ̀. Steven Hiller, tí Will Smith ṣe, jẹ́ ológun tó ń wa bàálù ogun. Ó fẹ́ràn Jasmine, obìnrin tó ti ní ọmọkùnrin kan tẹ́lẹ̀, ẹ̀rù sì ń bà á pé bí òun bá fẹ́ ẹ, ọ̀gá òun kò ní jẹ́ kí òun gòkè níbi iṣẹ́. Wọ́n ṣègbéyàwó lówùúrọ̀ ọjọ́ tí ogun ìkẹyìn fẹ́ bẹ̀rẹ̀, láìsí aṣọ ẹbí, láìsí ìrẹsì, èèyàn méjì péré ló ṣe ẹlẹ́rìí wọn.

Ẹni tí àwọn ọmọdé kì í sábà kọbi ara sí, ṣùgbọ́n tí àwọn òbí kì í gbàgbé, ni Russell Casse, tí Randy Quaid ṣe. Ọ̀mùtí ni. Bàálù kékeré àtijọ́ ló fi ń fọ́n oògùn sí oko olóko, lọ́jọ́ kan pàápàá oko tí kì í ṣe tirẹ̀ láti fọ́n ló fọ́n ọn sí. Ó máa ń sọ fáráyé pé àwọn ẹ̀dá òfuurufú ti jí òun gbé rí, ará àdúgbò sì ń fi í ṣẹ̀sín. Ìtìjú rẹ̀ ń pa ọmọkùnrin rẹ̀ tó dàgbà jù. Nígbà tí ogun dójú ẹ̀, tí gbogbo àdó olóró tán lọ́wọ́ àwọn yòókù, tí èyí tó kù lábẹ́ bàálù Russell sì kọ̀ tí kò jáde, ó ní kí wọ́n sọ fún àwọn ọmọ òun pé òun fẹ́ràn wọn, ó sì wa bàálù náà wọnú ẹnu ohun ìjà àwọn àjèjì. Ọmọ tó ń tijú rẹ̀ wà nínú yàrá tí wọ́n ti ń darí ogun, ó ń gbọ́. Ẹni tí wọ́n ní kò lè pàgọ́ ló kọ́lé yẹn.

Ẹ̀dà mìíràn wà tí wọ́n kọ́kọ́ yà, níbi tí Russell ti gbé bàálù oko rẹ̀ náà lọ sójú ogun pẹ̀lú bọ́ǹbù tó so mọ́ ọn. Wọ́n yí i padà kí fíìmù tó jáde, ohun tó dára ni wọ́n sì ṣe, torí bàálù oko tó ń fò láàárín àwọn bàálù ogun yóò dà bí yẹ̀yẹ́ níbi tó yẹ kí omijé ti jáde. Ẹni tó bá ní àwo DVD ojúlówó yóò rí i lára àwọn àfikún inú rẹ̀.

Ọ̀nà tí Independence Day gbà wọ Nàìjíríà kò jọ ọ̀nà tó gbà wọ Lọ́ńdọ̀nù tàbí Páríìsì. Lọ́dún 1996, ọ̀pọ̀ ilé sinimá ńláńlá tí àwọn òbí wa ń lọ ti kógbá wọlé. Òmíràn ti di ṣọ́ọ̀ṣì, òmíràn ti di ibi ìkẹ́rùsí. Ọdún 2004 ni Silverbird ṣí ilé sinimá ìgbàlódé rẹ̀ ní Victoria Island. Láàárín àkókò yẹn, fíìmù àgbéléwò ni sinimá Nàìjíríà. Láti ìgbà tí Kenneth Nnebue ti gbé Living in Bondage jáde lórí kásẹ́ẹ̀tì lọ́dún 1992, àwọn ọjà bí Ìdúmọ̀tà, Aláàbà àti Oníṣà ti di orísun ohun tí ìdílé ń wò lálẹ́. Lójú ọ̀nà kan náà ni ogun òfuurufú Emmerich gbà wọlé. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1996, kò tíì pé oṣù márùn-ún lẹ́yìn tó wọ sinimá, kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ jáde fún títà ní Amẹ́ríkà, nínú páálí tí àwòrán iwájú rẹ̀ máa ń yí padà bí èèyàn bá ń yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún. Oṣù yẹn kan náà ni ẹ̀rọ DVD àkọ́kọ́ jáde sọ́jà ní Japan.

Èyí tó dé ọwọ́ ọ̀pọ̀ wa kò ní páálí tó ń yí padà. Ẹ̀dà ẹ̀dà ni, tí wọ́n dà láti inú kásẹ́ẹ̀tì kan sínú òmíràn, tí òjò funfun ń rọ̀ lójú rẹ̀, tí wọ́n sì ń yá fúnni lálẹ́ kan ní ilé ìyáfídíò àdúgbò. Lẹ́yìn náà ni àwo dé, tí wọ́n ń kó fíìmù tó pọ̀ sínú ẹyọ kan ṣoṣo. Ọgbọ́n owó ni, ṣùgbọ́n fíìmù yìí ni irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ ń pa lára jù. Òkùnkùn, èéfín àti òjìji ni ìdajì ohun tó wà nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá ti fún un pọ̀ kí ó lè gba inú àwo kan pẹ̀lú 19 mìíràn, ọkọ̀ ràgàjì náà á di àbàwọ́n dúdú lásán, ọmọ á sì máa béèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ojúlówó gùn tó wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú 25. Ẹ̀dà kan tún wà tí wọ́n fi ìṣẹ́jú díẹ̀ kún. Èyí tó kúrú tó.

Bí wọ́n ṣe ṣe é ló yẹ kí gbogbo òbí mọ̀, torí òun ni oògùn ẹ̀rù tó dára jù fún ọmọ tó bá kọ̀ láti sùn lẹ́yìn fíìmù náà. Lóde òní, kọ̀ǹpútà ló ń ṣe gbogbo rẹ̀. Lọ́dún 1996, kọ̀ǹpútà ṣe díẹ̀, ọwọ́ èèyàn ló ṣe púpọ̀. White House tí ìmọ́lẹ̀ àwọn àjèjì fọ́ yángá, ilé kékeré tí wọ́n fi irú ẹfun tí àwọn oníṣẹ́ POP fi ń ṣe àjà mọ ni. Bí a bá pín ilé gidi sí ọ̀nà 12, ọ̀kan nínú rẹ̀ ni gíga rẹ̀. Wọ́n kó ohun abúgbàù sínú rẹ̀, wọ́n to kámẹ́rà yí i ká, wọ́n sì jẹ́ kí àwọn kámẹ́rà náà máa yà á ní eré burúkú, kí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá lè falẹ̀ nígbà tí wọ́n bá gbé e síta. Ohun kékeré máa ń wó kíá. Ohun ńlá ló máa ń falẹ̀ wó. Torí náà, bí wọ́n bá fẹ́ kí ilé tí kò ju àgọ́ adìẹ lọ dà bí ààfin, wọ́n ní láti fà á lọ́wọ́ sẹ́yìn.

Ti iná tó ń gbá mọ́tò àti èèyàn lọ lójú títì tún ya èèyàn lẹ́nu jù bẹ́ẹ̀ lọ. Iná kì í sáré lọ sí ẹ̀gbẹ́. Òkè ló máa ń lọ. Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n mọ òpópónà kékeré kan, tilé tilé, tọkọ̀ tọkọ̀, wọ́n wá gbé e dúró lóòró bí ẹni gbé tábìlì dìde. Wọ́n fi kámẹ́rà sókè kó máa wo ìsàlẹ̀, wọ́n sì dáná sí abẹ́ rẹ̀. Iná gòkè bí ìṣe rẹ̀, ṣùgbọ́n lójú ẹni tó ń wò ó, ó ń bọ̀ lọ́nà tààrà láàárín ìgboro. Ẹ lè sọ eléyìí fún ọmọ ọdún mẹ́jọ kí ẹ sì rí bí ojú rẹ̀ yóò ṣe mọ́lẹ̀. Kò ní wo ibẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rù mọ́, á máa wá ibi tí wọ́n ti gbé ilẹ̀ dìde.

Àwọn ológun Amẹ́ríkà kò bá wọn lọ́wọ́ sí i. Wọ́n ti kọ́kọ́ fẹ́ ràn wọ́n lọ́wọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n rí i pé ìtàn náà dárúkọ Area 51, ibùdó ológun tí ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ìjọba ń fi ọ̀rọ̀ pamọ́ sí, tí àwọn tó ṣe fíìmù náà sì kọ̀ láti yọ ọ́, wọ́n kó ọwọ́ wọn padà.

Ní Amẹ́ríkà, àmì PG-13 ni wọ́n fún fíìmù náà, ìyẹn ni pé kí òbí ṣọ́ra bí ọmọ kò bá tíì pé ọdún 13. Nàìjíríà náà ní àjọ tó ń yẹ fíìmù àti fídíò wò, tí òfin ọdún 1993 dá sílẹ̀, tó sì ń sọ iye ọjọ́ orí tó yẹ kó wo ohun tó bá kọjá lọ́dọ̀ rẹ̀. Àwo ayédèrú kì í ní àmì kankan lára, nítorí náà ojú òbí ni àmì. Ibi mẹ́ta ló yẹ kí wọ́n mọ̀ sílẹ̀. Èkíní, iṣẹ́ ijó ní ilé fàájì ni Jasmine ń ṣe, fíìmù náà sì fi í hàn lẹ́nu iṣẹ́. Èkejì, nínú Area 51, àwọn dókítà gbé ẹ̀dá àjèjì kan lé tábìlì láti tú u wò, ẹ̀dá náà jí, ó pa wọ́n, ó sì fi ọ̀nà ọ̀fun ọ̀kan nínú wọn bá Ààrẹ sọ̀rọ̀. Ọmọ tó bá kéré kò gbọ́dọ̀ wo ibẹ̀ lálẹ́. Ẹ̀kẹta kò ní ìjà nínú rárá, òun ló sì le jù. Ìyàwó Ààrẹ kú nítorí ọgbẹ́ tó gbà nígbà tí bàálù rẹ̀ já. Ọmọbìnrin rẹ̀ kékeré béèrè bóyá ìyá òun ń sùn, bàbá rẹ̀ sì ní bẹ́ẹ̀ ni. Ilé wa náà ni wọ́n ti máa ń bo ọ̀rọ̀ ikú lójú ọmọdé bẹ́ẹ̀, tí wọ́n á ní màmá rìnrìn àjò. Bí ọmọ tó ti pàdánù òbí bá wà nínú ilé, ó dára kí àgbàlagbà kan jókòó tì í nígbà tí wọ́n bá dé ibẹ̀.

Èdè rírùn díẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n òyìnbó wọn yá débi pé ọ̀pọ̀ rẹ̀ yóò kọjá lórí àwọn ọmọ.

Àwọn kan máa ń fi òpin ogun náà ṣe ẹ̀rín, tòótọ́ sì ni pé ó pani lẹ́rìn-ín. David fi kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀ kó kòkòrò sínú ẹ̀rọ àwọn àjèjì, ààbò tó wà lára ọkọ̀ wọn sì bàjẹ́. Báwo ni kọ̀ǹpútà tí kì í gbà láti bá ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ọ́fíìsì sọ̀rọ̀ ṣe wá ń bá ti òfuurufú sọ̀rọ̀? Ṣùgbọ́n ibi kan ni wọ́n ti mú un. Nínú The War of the Worlds, ìwé tí H. G. Wells gbé jáde lọ́dún 1898, àwọn ará Mars ṣẹ́gun gbogbo ológun Gẹ̀ẹ́sì, kòkòrò àìsàn tí ojú kò rí ló sì pa wọ́n nígbẹ̀yìn. Emmerich àti Devlin kàn gbé kòkòrò náà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà ni.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó kan àwa ilẹ̀ adúláwọ̀ ju kòkòrò lọ. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún ni Emmerich àti Devlin ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́ síta pé iléeṣẹ́ 20th Century Fox kò kọ́kọ́ fẹ́ Will Smith. Èrò wọn ni pé bí òṣèré dúdú bá gba irú ipò bẹ́ẹ̀, fíìmù náà kò ní tà lókè òkun. Àwọn méjèèjì fẹsẹ̀ múlẹ̀ pé òun làwọn ń lò. Nígbà tí wọ́n ka owó, èyí tó wọlé láti ẹ̀yìn odi Amẹ́ríkà ju èyí tó wọlé láti inú Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ lọ, tòun ti pé kò sẹ́ni tó lè ka owó ilé ìyáfídíò ní Kánò, Ìbàdàn àti Enugu mọ́ ọn.

Síbẹ̀, nígbà tí ayé ṣẹ́gun, tí fíìmù náà ń fi ayọ̀ hàn káàkiri, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ péré ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ilẹ̀ wa: ọkọ̀ àjèjì tó já lulẹ̀ lórí ilẹ̀ koríko, àti àwọn èèyàn tó ń fi ọ̀kọ̀ júwe sókè. Kò sí ìlú, kò sí ọ̀nà, kò sí ẹnì kankan tó sọ̀rọ̀. Nígbà tí fíìmù mìíràn tiẹ̀ wá fi àwọn ẹ̀dá òfuurufú sí ilẹ̀ Áfíríkà, District 9 tí Neill Blomkamp darí lọ́dún 2009, Johannesburg ni wọ́n balẹ̀ sí, àwọn ọmọ Nàìjíríà inú rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀daràn tó ń jẹ ẹran àwọn àjèjì, tí orúkọ olórí wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ Ọbásanjọ́ gan-an. Olóògbé Dora Akunyili, tó jẹ́ mínísítà ètò ìròyìn nígbà náà, ní kí àwọn ilé sinimá Nàìjíríà dá a dúró, ó sì ní kí iléeṣẹ́ Sony tọrọ àforíjì. Ìbínú rẹ̀ tọ́. Ṣùgbọ́n èsì tó pẹ́ jù ni ti Nnedi Okorafor, ọmọ Ìgbò tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà. Fíìmù yẹn wà lára ohun tó mú un kọ ìtàn Lagoon, tó jáde lọ́dún 2014. Nínú rẹ̀, etíkun Bar Beach l'Ékòó ni àwọn àjèjì gúnlẹ̀ sí, ẹni tó sì ń ṣojú wọn láàárín àwọn ènìyàn ń jẹ́ Ayọ̀délé.

Emmerich náà padà síbi iṣẹ́ rẹ̀ lọ́dún 2016 pẹ̀lú Independence Day: Resurgence. Owó tí wọ́n ná sí i ju ìlọ́po méjì ti àkọ́kọ́ lọ, ìdajì ohun tí ti àkọ́kọ́ pa ni kò sì pa tó. Will Smith kò sí níbẹ̀. Wọ́n ní Hiller ti kú níbi tó ti ń dán bàálù tuntun wò, ọmọ Jasmine, Dylan, ti di awakọ̀ bàálù ogun bíi tirẹ̀. Kọ̀ǹpútà ló ṣe gbogbo ìlú tó wó, kò sì sí èyí tó wọni lára bíi White House ẹfun yẹn. Ẹnì kan ṣoṣo ló mú kí ó tọ́ láti yá a wò: Dikembe Umbutu, ọ̀gágun láti àárín gbùngbùn Áfíríkà, tí Deobia Oparei ṣe. Ọkọ̀ kan ló balẹ̀ sí ìlú wọn lọ́jọ́ kìíní, àwọn àjèjì inú rẹ̀ sì sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tí gbogbo ayé ti ń jó, òun àti àwọn èèyàn rẹ̀ ṣì ń bá wọn jà lórí ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nínú gbogbo ọ̀gágun tó wà nínú fíìmù náà, òun nìkan ló mọ bí wọ́n ṣe ń pa àwọn ẹ̀dá náà ní ìfojúkojú. Àdá méjì ló gbé lọ́wọ́, ẹ̀yìn wọn ló sì máa ń gbà yọ.